Ṣé irọ́ ni mo ń pa bí mo bá ń sọ pé “A dúpẹ́” lójoojúmọ́?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ohun kan ń da ọkàn mi láàmú, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ní ọjà Wàsó tí mo ti ń tajà, ẹni tí ó bá ń kọjá lọ á bèèrè pé “Ṣé dáadáa ni?”, èmi náà á sì dáhùn pé “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run”, ìbáà tà, ìbáà má tà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, n ó ti sọ ọ́ tó ogún ìgbà. N kò kà á sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, iná jó yàrá tí mo kó èlùbọ́ sí, ó jó tèmi pẹ̀lú ti ẹni méjì tí wọ́n gbé tiwọn fún mi pa mọ́, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi títí di òní. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, wọ́n pè mí síwájú ìjọ pé kí n wá dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bá a lọ. Mo dúpẹ́, mo jó, mo sì dé ilé, mo sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Pọ́ọ̀lù ní kí a máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo. Ṣé ìyìn ni Ọlọ́run ń gbọ́ lẹ́nu mi ni, àbí irọ́?

Díákónì, Òkè-Àdó

Ìyá wa, ẹ kú àdánù. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́.

Èmi kò rò pé irọ́ ni. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé “a dúpẹ́” tí a ń sọ lójú ọ̀nà kì í sábà dárúkọ ohun tí a ń dúpẹ́ fún. Nígbà tí wọ́n ń tọ́ wa dàgbà, bí ẹnìkan bá ṣe wá lóore, a óò dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn òbí wa á tún rán wa padà lọ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ níwájú olóore náà pé “Ẹ kú àná o, ẹ ṣeun àná.” Kò sí ẹni tí ó sọ pé ó ti pọ̀ jù. Nígbà tí mo bá ka Lúùkù orí 17, ọ̀rọ̀ “ẹ kú àná” yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ni ara wọn dá, ará Samáríà kan ṣoṣo ni ó padà wá, Jésù sì bèèrè àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Ó dá mi lójú pé inú àwọn mẹ́sàn-án náà dùn, kì í sì í ṣe pé wọn kò lè ti máa sọ “a dúpẹ́” fún ẹni gbogbo tí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Wọn kò padà sọ́dọ̀ olóore ni.

Nítorí náà, kí n tó dìde lórí ibùsùn láràárọ̀, mo máa ń kí Olúwa kú àná. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń dárúkọ, ó sì lè kéré: pé òjò kò rọ̀ títí láfún ìyàwó mi fi gbẹ, tàbí pé ọlọ́kadà kan ní Sábó pè mí padà wá gba ṣéńjì tí mo gbàgbé. “Má sì ṣe gbàgbé gbogbo oore rẹ̀” ni Sáàmù 103 wí, nítorí pé ènìyàn a máa gbàgbé. Ní òwúrọ̀ tí n kò bá rí ohun kan dárúkọ, mo máa ń dákẹ́ níwájú Rẹ̀.

Opó Olúwa

Ẹkún yín kò ba ọpẹ́ yín jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Sáàmù 88 parí sínú òkùnkùn, kò sí ọpẹ́ kankan ní ìparí rẹ̀, síbẹ̀ inú Bíbélì ló wà. Inú mi kò sì dùn sí bí a ṣe ń yára pe ẹni tí egbò rẹ̀ kò tíì jinná síwájú ìjọ. Ní ọdún tí ọkọ mi lọ, ohun kan ṣoṣo tí mo rí dúpẹ́ fún ni garawa omi tí aládùúgbò mi kan ń gbé sí ẹnu ọ̀nà mi láàárọ̀. Mo dúpẹ́ omi yẹn fún oṣù mẹ́ta, n kò dúpẹ́ ohun mìíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Mímọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, ìyá mi, nítorí ẹlòmíràn lè tọ́ka sí Éfésù 5:20, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí a máa dúpẹ́ “fún ohun gbogbo”. “Nínú” tí ó wà ní 1 Tẹsalóníkà 5:18 kò ṣòro: ibi tí a wà nígbà tí a ń dúpẹ́ ni ó ń sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní èdè Gíríìkì. Ti Éfésù ni ó le, n kò sì fẹ́ fò ó. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 11 nínú orí kan náà ní kí a má ṣe bá iṣẹ́ òkùnkùn kẹ́gbẹ́, kí a kúkú máa bá a wí. Nítorí náà n kò gbà pé “ohun gbogbo” yẹn kó ibi pọ̀ mọ́ oore. Ẹ wo Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, ní ọdún 1821. Ta ni yóò ní kí ó dúpẹ́ fún okùn tí wọ́n fi so ó lọ́rùn? Ṣùgbọ́n ní ọdún 1846, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ọjọ́ náà ni ọjọ́ ọpẹ́. Ẹ kò jẹ Ọlọ́run ní ọpẹ́ iná.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ní òwúrọ̀ òní, mo gbìyànjú láti kí Olúwa kú àná, ẹni tí ó sì wá sí mi lọ́kàn ni obìnrin aláta tí ó wọ inú èéfín lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí ó wọ́ àpò èlùbọ́ mẹ́rin jáde fún mi. Láti ìgbà náà, n kò tíì padà lọ kí i. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kí n tó tú ọjà mi sílẹ̀. Ó gbé apá rẹ̀ hàn mí: iná ti bó o láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, kò sì sọ fún mi. Mo ti ra òrí, mo ń gbé e lọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ yìí.