Ẹ̀tù wo lẹ ń kì, kápù wo lẹ ń lò? Ẹ bá mi dá sí i

Ọdẹ Kékeré Ìpẹru
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ṣakabùlà ni mo gbé wá. Sátidé tó kọjá, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láàárọ̀, mo wà lẹ́bàá oko kòkó bàbá mi, ìgalà kan yọ sí mi bí ẹni pé wọ́n rán an, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Mo fojú sùn ún dáadáa, mo fà á, "tá!" kápù tó ń ṣáná sí ẹ̀tù nìkan ló dún, ẹ̀tù ò gbiná rárá. Ìgalà yẹn gbórí sókè, ó wò mí, ó tún já ewé kan jẹ kó tó rìn lọ. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ látọjọ́ náà. Inú ọ̀rá ni wọ́n di ẹ̀tù yẹn sí fún mi lọ́jà, kápù náà inú agolo pẹlẹbẹ ló wà. Ṣé ẹ̀tù ló bàjẹ́ ni àbí kápù ni ò lágbára? Kí lẹ̀yin ń lò? Ìbọn mi ní láísẹ́ǹsì o.

Ajímọ̀tọ̀ Odogbolu
Ó tún dúró jẹun!! Háà.

Bàbá Ọlọ́dẹ Ìjẹ̀bú-Igbó
Ọmọ mi, bó o ṣe ròyìn ẹ̀ yẹn, kápù ò jẹ̀bi, ṣebí ó dún. Ọ̀nà méjì lọ̀rọ̀ ẹ wà. Ọ̀kan ni pé ẹ̀tù ẹ ti fa omi, iyọ̀ kan wà nínú ẹ̀tù dúdú tó fẹ́ràn ọ̀rinrin, ọ̀rá ọjà ò sì lè gbà á lọ́wọ́ òjò tiwa níbí. Àdó tó ní ìdérí líle là ń kó o sí, a ò sì í gbé e sórí ilẹ̀ lásán. Ìkejì ni pé ihò tí iná kápù ń gbà wọnú ìbọn lè ti dí, bóyá epo tó o fi pa á, bóyá èérí ẹ̀tù àná. Kí n tó kì í rárá, ìbọn ṣófo o, mo máa ń fi kápù kan lé e, màá kọ ẹnu ìbọn sí ewé kan nílẹ̀, màá fà á. Bí ewé yẹn bá mì, ọ̀nà là nìyẹn. Bí ò bá mì, mo wá abẹ́rẹ́. Bàbá mi ló kọ́ mi, ó sì máa ń tẹ̀ ba wo ewé yẹn bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Ibi tó o ti wá ṣìnà nìyẹn, o fẹ́ yìnbọn láìbi í léèrè.

Àdìó Georgia
Ẹ̀yin bàbá mo kí yín o, ọmọ Ṣàgámù ni mí, Amẹ́ríkà ni mo wà. Nílùú wa níbí ní Georgia, ọ̀sẹ̀ kan wà nínú oṣù Ọ̀kitóbà kí ìbọn tó kù tó wọ̀gbẹ́, tó jẹ́ pé ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu àti ọfà ni wọ́n fi ń lé àgbọ̀nrín ibí, èmi náà sì ti wọ̀ ọ́. Ara páálí ni wọ́n ń kọ ìwọ̀n hóró ẹ̀tù sí, lẹ́tà F ni wọ́n fi ń kà á, bí F bá ṣe ń pọ̀ sí i ni hóró ẹ̀ ṣe ń kéré sí i tó sì ń yára jó. FFg ni ìbọn .50 tèmi, tí ihò ẹ̀ fẹ̀ tó ìdajì ínǹṣì, ń jẹ, FFFg wà fún èyí tí ihò ẹ̀ tín-ín-rín. Kápù No. 11 ni àwọn tó jọ ti àtijọ́ ń gbà, àwọn tuntun tí wọ́n ń pè ní inline, 209 ni tiwọn, irú èyí tó wà ní ìdí kátíríìjì, iná ẹ̀ gbóná gan-an ni. Pyrodex náà wà, ẹ̀tù tí wọ́n fi ń rọ́pò ẹ̀tù dúdú, àmọ́ kì í tètè gbiná bí ẹ̀tù dúdú, ẹni tó ń lo ìbọn olókùúta kó má wulẹ̀ rà á. Triple Seven, arọ́pò mìíràn, tiẹ̀ lágbára jù, wọ́n ní ká dín ìdá 15 nínú 100 kù sí ìwọ̀n ẹ̀tù dúdú. Bó ṣe kún agolo ìwọ̀n tó la sì fi ń wọ̀n ọ́n o, kì í ṣe bó ṣe wúwo tó.

Ajímọ̀tọ̀ Odogbolu
Ẹ̀gbọ́n Georgia ẹ jọ̀ọ́, F wo la fẹ́ rí lọ́jà Òkè-Àjé? Ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu la mọ̀.

Ọmọ Ìṣarà
Ọ̀rọ̀ agbára tẹ́ ẹ sọ yẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Àbúrò bàbá mi ò rí ẹ̀tù rà lọ́dún kan, ó fọ́ kátíríìjì, ó da ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú ṣakabùlà. Kékeré ni mí nígbà yẹn àmọ́ mo rí ohun tó dà sí àtẹ́lẹwọ́, kì í ṣe dúdú bíi tiwa, ó rí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Ìwọ̀n tó máa ń da ẹ̀tù ló dà á. Nígbà tó fà á, ẹnu ìbọn ò dún bó ṣe yẹ kó dún, ìdí ẹ̀ ló dún. Irin yẹn ṣí bí èèpo àgbàdo tí wọ́n fà wálẹ̀. Ìka méjì ló lọ lọ́wọ́ òsì ẹ̀, apá kan lára ìbọn náà sì wà lórí igi kan títí ọjọ́ kejì. Títí di òní bó bá fẹ́ já ẹ̀kọ, ìyàwó ẹ̀ ló ń bá a já a.

Ìyá Ìlíṣàn
Yéè. Ẹ bá mi kí bàbá yẹn.

Kọ́lá Àgọ́-Ìwòyè
Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ládúgbò wa, ti tiwa tiẹ̀ lọ sí ojú. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta nǹkan kátíríìjì fún ọlọ́ṣakabùlà ò fẹ́ràn ẹ̀.

Àkànní Ọ̀gèrè
Ẹ má dẹ́rù bá ènìyàn jù. Èmi ti dà á sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, díẹ̀ ni mo dà, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Alágbẹ̀dẹ tó rọ tèmi mọṣẹ́.

Bàbá Ọlọ́dẹ Ìjẹ̀bú-Igbó
Àkànní, mo bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ Ògún, má dán ẹ̀ẹ̀kẹrin wò. Ibo ni alágbẹ̀dẹ ti rí irin? Ṣé kì í ṣe ọ̀pá ọkọ̀ tó ti rìn títí ni?

Àdìó Georgia
Ọ̀rọ̀ bàbá ò ní àbùlà. Ẹ̀tù kátíríìjì, ìyẹn èyí tí kò ní èéfín, agbára tó ń kó jọ sínú irin ju ti ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì, ìbọn wa ò sì lè gbà á. Níbí náà wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé a ò gbọ́dọ̀ dà á sí i. Irin lè farada á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó là lẹ́ẹ̀kẹrin, inú lọ̀hún ló ti ń sán.

Àkànní Ọ̀gèrè
Ó dáa. Mo gbọ́. Ẹ má pariwo mọ́.

Ìyá Ìlíṣàn
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọkọ mi sá ẹ̀tù tó ti mumi sórí àwo pẹrẹsẹ, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àdògán, ó ní ooru nìkan lòun fẹ́, òun ò fẹ́ iná. Mo ń ro ìkókórẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀ta iná kan péré ló fò. Kò dún bí ìbọn, ńṣe ló ṣe "fùú" bí ẹni tó ń fọn èémí, gbogbo kíṣìnì funfun báláú. Irun iwájú mi lọ, irun ìpéǹpéjú mi lọ, ìkòkò sì dànù. Ẹ̀tù tó bá ti mumi, ẹ dà á nù. Owó ẹ̀ ò tó owó irun mi.

Ajímọ̀tọ̀ Odogbolu
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yìnbọn l'Ójúde Ọba ńkọ́? Ṣé ẹ̀tù kan náà ni?

Kọ́lá Àgọ́-Ìwòyè
Ẹ̀tù kan náà ni, kò ní ọta nínú ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi dí i lẹ́nu yẹn tó láti dá ọgbẹ́ sí ènìyàn lára tó bá sún mọ́ ọn, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ẹnu ẹ̀ sókè ọ̀run. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi fóònù sún mọ́ wọn.

Ọmọ Ìṣarà
Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ fi ẹ̀tù dá ojú ọ̀nà dí fún gbogbo ayé nígbà kan, ibo ló wà lójú ogun Òyìnbó ní Ìmàgbọn?

Bàbá Ọlọ́dẹ Ìjẹ̀bú-Igbó
Ọmọ Rẹ́mọ, má jẹ́ n bínú. Ní 1892 yẹn, Maxim, ìbọn arọ̀jò-ọta, ni Òyìnbó gbé wá. Kí o tó ki ṣakabùlà tán lẹ́ẹ̀kan, ó ti pa ogójì. Ẹ̀tù kọ́ ló ṣaláìtó.

Ọmọ Ìṣarà
Mo bọ̀wọ̀ fún yín bàbá. Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé ìbọn tó wà lọ́wọ́ wọn níjọ́ náà jẹ́ ṣakabùlà nìkan.

Bàbá Ọlọ́dẹ Ìjẹ̀bú-Igbó
Ìyẹn náà tún jẹ́ òótọ́. Snider, ìbọn Òyìnbó tí wọ́n ń ki láti ìdí, wà nínú ẹ̀.

Ọdẹ Kékeré Ìpẹru
Mo padà dé o. Mo gbé ìbọn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó tú ìdí ẹ̀, ẹ̀tù inú ẹ̀ ti di amọ̀. Mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́, mo nù ún gbẹ, mo pa epo díẹ̀. Lówùúrọ̀ òní, kí n tó kì í, mo ṣe ti ewé. Kápù àkọ́kọ́, ewé ò mì. Mo fi abẹ́rẹ́ gbọ́n ihò ẹ̀, nǹkan dúdú kan jáde bí èso ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó jóná. Kápù kejì, ewé yẹn fò! Mo kì í, òyà kan ni mo pa, ó sanra.

Ìyá Ìlíṣàn
Ẹ gbé itan kan pamọ́ fún mi, màá sanwó.

Ajímọ̀tọ̀ Odogbolu
Ìgalà yẹn ńkọ́?

Ọdẹ Kékeré Ìpẹru
Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo rí ojú ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́bàá odò, omi ò tíì dí i.