Oògùn irorẹ́, fítámì D àti ìrora ẹ̀yìn òun orúnkún

Ìyá Rọ́fíà, Gáà-Àkàńbí, Ìlọrin:
Ẹ̀yin ará, àsàláámù àlékún. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 20 tí ó ń kàwé ní yunifásítì, ń lo isotretinoin nítorí irorẹ́ ńláńlá tí ó bo ojú àti èjìká rẹ̀, tí ó sì ń fi àpá sílẹ̀. Dókítà awọ ara ni ó kọ ọ́ fún un, irorẹ́ náà sì ti ń gbẹ. Ohun tí ó ń kó ìdààmú bá mi ni pé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti orúnkún ń ro ó, débi pé ó máa ń fọwọ́ ti ilẹ̀ kí ó tó lè dìde láti ìforíkanlẹ̀. Àwọn kan ní fítámì D ni kò tó lára rẹ̀, nítorí pé híjáàbù máa ń bo ara rẹ̀, dókítà sì tún ní kí ó yẹra fún oòrùn títí yóò fi parí oògùn náà. Ẹni tí ń ta oògùn ládùúgbò wa ti fún un ní òróró ẹ̀dọ̀ ẹja, èyí tí wọ́n ń pè ní cod liver oil. Ṣé kí ó máa lò ó? Ṣé fítámì D lè mú ìrora náà lọ?

Apòògùn, Ọ̀fà:
Màmá Rọ́fíà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ó dá òróró ẹ̀dọ̀ ẹja yẹn dúró lónìí. Ìdílé fítámì A ni isotretinoin ti wá, fítámì A sì wà nínú òróró náà pẹ̀lú fítámì D. Bí méjèèjì bá pàdé lára, agbára wọn lè pọ̀ kọjá ààlà, kí ó fa orí fífọ́, kí ó pa ẹ̀dọ̀ lára, kí ó sì dá kún ìrora egungun àti oríkèé gan-an tí ẹ fẹ́ lé lọ. Ẹ yẹ ẹ̀yìn páálí gbogbo fítámì àdàlù tí ó wà nílé wò pẹ̀lú, nítorí pé fítámì A máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Isotretinoin fúnra rẹ̀ máa ń fa ìrora iṣan àti oríkèé. Láti ọdún 1982 ni wọ́n ti ń lò ó ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà sì mọ ìrora yìí dáadáa: kì í sábà le, ó sì máa ń lọ bí dókítà bá dín oògùn náà kù tàbí tí ìtọ́jú bá parí. Àìtó fítámì D náà máa ń fa ìrora egungun àti àìlágbára iṣan, nítorí náà ohun méjèèjì lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo. Òótọ́ ni pé oòrùn kò wọ́n wa ní Kwara, ṣùgbọ́n awọ dúdú máa ń pẹ́ kí ó tó fi oòrùn ṣe fítámì D, aṣọ tí ó bo ara sì tún ń dín in kù. Àwọn olùwádìí ti wò ó bóyá àìtó fítámì D ni ó ń mú kí oríkèé àwọn tí ń lo isotretinoin máa ro wọ́n, àbájáde wọn kò sì bára mu. N kò lè sọ pé fítámì D ni yóò wo ọmọ yín sàn. Ẹ bẹ dókítà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún 25-hydroxyvitamin D, èyí tí ó ń fi bí fítámì D ṣe pọ̀ tó lára hàn. Bí ó bá kéré sí nánógíráàmù 20 nínú mililítà kan, wọn yóò kọ fítámì D nìkan fún un, láìsí A nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n rẹ̀: yúníìtì 600 ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 4,000 láìjẹ́ pé dókítà ni ó pàṣẹ, nítorí pé àpọ̀jù rẹ̀ ń mú kí káṣíọ̀mù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹja Titus (mackerel) àti ẹyin ní díẹ̀ nínú fítámì D yìí. Kí ó máa jẹ wọ́n.

Nọ́ọ̀sì, Òmù-Àrán:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ apòògùn. Màmá, kí ni jẹ́nótáìpù ọmọ náà? Ṣé ìrora ẹ̀yìn náà máa ń jí i lóru, tí ẹ̀yìn á le gan-an láàárọ̀, tí ó sì máa ń dẹ̀ bí ó bá ti rìn díẹ̀? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ oríkèé tí ó wà láàárín ìbàdí àti egungun ẹ̀yìn ni ó wú, ó sì yẹ kí dókítà mọ̀ kíákíá. Bí iṣan bá ń ro ó gidigidi, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí omi kóòkì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sì gbọ́dọ̀ lo doxycycline, oògùn apakòkòrò tí wọ́n tún máa ń lò fún irorẹ́, pọ̀ mọ́ isotretinoin, nítorí pé àwọn méjèèjì lè mú kí ìfúnpá inú agbárí ga.

Ìyá Rọ́fíà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. AA ni, kì í sì í jí lóru. Ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń pọ̀, pàápàá lẹ́yìn tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti sáré tí wọ́n sì fo okùn ní Tánkè.

Apòògùn, Ọ̀fà:
Ọ̀rọ̀ eré sísá yẹn ṣe pàtàkì, màmá. Eré agbára máa ń mú kí creatine kinase, èyí tí ń jáde láti inú iṣan, ga nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ń lo oògùn yìí. Kí ó fi okùn fífò àti eré sísá sílẹ̀ ná, kí ó máa rìn jẹ́jẹ́, kí ó sì sọ fún dókítà kí wọ́n wo creatine kinase pẹ̀lú fítámì D nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà tí wọ́n máa fà fún àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá ara.