Iyè ni, kì í ṣe ìyè: èsì mi lórí “ìmọ̀-ìyè”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí láìfọhùn. Àbúrò wa kan ló ní òun fẹ́ lọ ka sáíkọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn ṣe ń ronú àti bó ṣe ń hùwà, ní yunifásítì, kí ni kí òun pè é fún ìyá òun àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè gidi ni. Ẹ̀gbọ́n wa kan fèsì pé “ìmọ̀-ìyè” ni, pé àwọn ló ṣẹ̀dá rẹ̀, kí á tètè kọ ọ́ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Ẹni mẹ́rin ti kan sáárá sí wọn. Èmi ò lè kan sáárá. Dò méjì, àmì ohùn ìsàlẹ̀, tí mo rí lórí “ìyè” inú ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ pe ọ̀rọ̀ náà síta kí etí yín gbọ́ ọ. Iye, re re: òun la ń kà, òun ló bí iyebíye. Iyè, re dò: òun la fi ń ronú, tí a fi ń rántí, òun ló wà nínú iyèméjì, nínú kíyèsí, nínú fiyèdénú. Ìyè, dò dò: òun ni ìyè àìnípẹ̀kun, òun ni igi ìyè. Koríko ní ìyè. Kòkòrò ní ìyè. Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko àti ẹranko ló ni “ìmọ̀-ìyè”, ẹ má gba orúkọ olórúkọ fún wa.

Ẹ ní ọ̀kan náà ni iyè àti ìyè láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, pé àwọn tó ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ ló ya wọ́n. Rárá o. Ẹ gbé “fi” síwájú wọn kí ẹ wò ó. Fi ìyà di fìyà, bí a ṣe ń fìyà jẹ ọ̀daràn: fáwẹ̀lì lọ, dò rẹ̀ kò bá a lọ, orí “fi” ló gùn. Fi iyè di fiyè, kò sí dò kankan tó bọ́ sórí “fi”. Ṣe ìrántí di ṣèrántí, ṣe iyèméjì di ṣiyèméjì. Bí ó bá jẹ́ pé ìyè ló wà níbẹ̀ ni, “fìyèdénú” ni à bá máa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Ta ló gbọ́ ọ rí?

“Ẹ̀dá oníyè” tí ẹ pè ní ẹlẹ́rìí pé ọ̀kan náà ni iyè àti ìyè, ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. “Oní” máa ń gbé dò mì: ìwà wọ ibẹ̀, ó di oníwà, iṣẹ́ wọ ibẹ̀, ó di oníṣẹ́. Tí iyè àti ìyè bá jọ wọlé síbẹ̀, oníyè ni àwọn méjèèjì yóò bá jáde. Ẹlẹ́rìí tí kò lè dá ẹni méjì mọ̀ yàtọ̀, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ ní “ìmọ̀ ọkàn” ló tọ́, mo gbọ́ yín. Ẹ ní psyche tí àwọn ará Gíríìkì ń wí, tí sáíkọ́lọ́jì ti gba orúkọ, èémí ló kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di ọkàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a ka ẹ̀kọ́ náà la mọ ohun tí orúkọ yẹn fi ojú wa rí. Ọdún mẹ́rin gbáko, kò sí àwùjọ tí wọ́n á ti gbọ́ ohun tí mo ń kà tí ẹnì kan kò ní yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, pé kí n má wo òun lójú, kí n má baà mọ ohun tó wà lọ́kàn òun. Àwọn mìíràn á ní ṣé mo ti lè wo wèrè. Dókítà tó ń wo àrùn ọpọlọ tó sì ń kọ oògùn fún aláìsàn, ìṣègùn ló kọ́kọ́ kà, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Dìgírì àkọ́kọ́ nínú sáíkọ́lọ́jì kò sọ ẹnikẹ́ni di oníṣègùn. Ẹni tó bá fẹ́ máa tọ́jú ènìyàn ṣì ní ẹ̀kọ́ púpọ̀ níwájú. Ó dùn mí pé orúkọ lásán ló ń fa gbogbo àṣìgbọ́ yìí.

Ẹni tó mú “inú” wá dípò “ọkàn” fẹ́rẹ̀ẹ́ borí mi. Ìbínú, ìdùnnú, ìbànújẹ́, inú ni gbogbo wọn ti wá. Ṣùgbọ́n ìrántí ń kọ́? Fiyèdénú ti jẹ́ ká mọ̀ pé iyè ló ń wọ inú lọ, inú kọ́ ló ń wọ iyè.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ kí n ṣí ilẹ̀kùn ilé yìí díẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ọkàn ẹnikẹ́ni. Iye ni, re re. Ìṣirò ni lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, àti ìlà 0.05 tí Fisher, onímọ̀ ìṣirò, ti fà láti 1925, tí a fi ń díwọ̀n bóyá èèṣì lásán lè bí irú ohun tí a rí. Bí ẹ bá ní àbúrò tó fẹ́ kà á nítorí pé ó ń sá fún ìṣirò, ẹ tètè sọ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtàn: Wundt tó dá ilé àyẹ̀wò sílẹ̀ ní Leipzig, ní Jámánì, ní 1879, Watson tó dìde ní 1913 pé kí á pa ọ̀rọ̀ inú lọ́hùn-ún tì, ìhùwàsí tí ojú rí ni kí á gbájú mọ́. Àwọn fúnra wọn bá ara wọn jà lórí ohun tí ilé wọn jẹ́.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Ebbinghaus. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ẹni tí à ń yẹ̀ wò. Ó kó sílébù tí kò nítumọ̀ jọ, nǹkan bí 2,300, kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáǹtì. Á há wọn sórí, á ka iye ìgbà tó gbà á, á tún padà wá wò ó lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ní 1885 ló gbé èsì jáde: kíákíá la ń gbàgbé níbẹ̀rẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù á wá máa lọ díẹ̀díẹ̀. Mo gbìyànjú irú rẹ̀ ní Yorùbá, kò ṣe é ṣe. Sílébù wa kì í fi irú kọ́ńsónáǹtì bẹ́ẹ̀ parí, kí ẹ sì tó rí èyí tí kò nítumọ̀! Ẹ kọ “ba”, ó nítumọ̀. Ẹ fi dò sí i, ó nítumọ̀. Ẹ fi mí sí i, ó nítumọ̀. Irú èdè yìí lẹ ní ká fojú fo àmì orí rẹ̀?

Ẹ wá wo Henry Molaison. Ní 1953, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 27, wọ́n yọ apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, nítorí wárápá tó ń dà á láàmú. Wárápá náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ohun tuntun kì í dúró sí i nínú mọ́. Á bá ènìyàn sọ̀rọ̀ dáadáa; kí onítọ̀hún jáde fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà wọlé, ó ti di àjèjì. Wọ́n ní kó máa wo inú dígí ya ìràwọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń já fáfá sí i lójoojúmọ́, kò sì rántí pé òun yà á rí. Ó gbé ayé títí di 2008. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ mi: ìyè ọkùnrin yìí gùn dé ọdún 82. Iyè ni kò gba nǹkan mọ́.

Ìyá mi àgbà kò mọ yunifásítì, wọ́n mọ ìyàtọ̀ yìí. Nígbà tí ogbó dé, wọ́n máa ń wí pé “iyè mi ò gbé e mọ́, ọwọ́ mi ló ṣì mọ̀ ọ́n.” Mo ṣì ń gbọ́ re àkọ́kọ́ yẹn lẹ́nu wọn.

Ẹnì kan bèèrè oyè tí mo ní lórí gírámà. N kò ní. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní àmì ohùn ti ṣaláìsí báyìí. Wọ́n á fi ìka kan tábìlì, dò, re, mí, a ó máa tẹ̀ lé wọn, wọn kì í sì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí kò fi àmì sí ọ̀rọ̀. Tí ìyẹn kò bá tó láti fi sọ̀rọ̀ níbí, ẹ wí.

Iṣẹ́ tí mo ṣe fúnra mi nìyí o. Stroop, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì, ló fi hàn ní 1935 pé bí a bá fi íǹkì àwọ̀ kan kọ orúkọ àwọ̀ mìíràn, ó máa ń pẹ́ kí ènìyàn tó lè pe àwọ̀ íǹkì náà. Mo ṣe káàdì tèmi ní Yorùbá. Ọ̀rẹ́ mi kan rí “dúdú” tí mo fi íǹkì pupa kọ. Ètè rẹ̀ ti ká jọ fún “dú”, ó gbé e mì, ó dákẹ́, ó wá ní “pupa”. Kí ló dá a dúró níbẹ̀ bí kì í bá ṣe iyè? Miller, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì mìíràn, sì sọ ní 1956 pé nǹkan bíi méje la lè gbé sórí lẹ́ẹ̀kan náà, méjì lé, méjì dín. Iye àti iyè pàdé níbẹ̀. Ẹ fi dò méjì kọ ọ́, ẹ ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Àbúrò, n kò bá ẹni tó ń pè é ní sáíkọ́lọ́jì jà, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Tí o bá fẹ́ orúkọ tiwa, “ìmọ̀ iyè òun ìhùwàsí”. Fún ìyá yín àgbà, sọ pé ò ń lọ kọ́ bí iyè ọmọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó ń mú un hùwà bó ṣe ń hùwà. Á yé wọn.

Ibi tó kù tí n kò tíì dá lójú ni kíyèsí fúnra rẹ̀. William James, àgbà onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì, fi odidi orí kan ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1890: bí iyè ṣe ń mú ohun kan nínú ọ̀pọ̀, tó sì ń fi ìyókù sílẹ̀. Ṣé àkíyèsí la ó pè é ni àbí ìkíyèsí? Àkíyèsí ti di ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìkíyèsí ni mo fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi, ẹnì kan sì ti bú mi sí i níbí lẹ́ẹ̀kan. Tí ó bá ṣì wà láàárín wa, kó jọ̀ọ́ mú gbólóhùn kan wá tí àkíyèsí ti dúró fún iṣẹ́ tí iyè ń ṣe, láìjẹ́ pé “ṣe” ló ṣáájú rẹ̀. Mo ti wá a títí, n kò rí i.