Lórí "ìgbàlejò" àti "àwo kékeré" nínú ọ̀rọ̀ Thundercat

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka gbólóhùn tí ẹ̀gbọ́n wa túmọ̀ látinú Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ní ká bá àwọn wò: "Ìgbàlejò àwọn alámèyítọ́ fún àwo kékeré Thundercat." Ìgbàlejò ni wọ́n pe "reception", ìyẹn bí wọ́n ṣe gba àwo náà sí, àwo kékeré sì ni wọ́n pe "mini-album". Àwo tí wọ́n ń sọ ni The Beyond / Where the Giants Roam tó jáde ní June 2015, orin mẹ́fà, gbogbo ẹ̀ bí ìṣẹ́jú 16. Olórin ọmọ Los Angeles ní Amẹ́ríkà ni Thundercat, Stephen Bruner lorúkọ ẹ̀ gan-an, gìtá béèsì olókùn mẹ́fà, gìtá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, ló ń ta, onílù ni bàbá ẹ̀, onílù lẹ̀gbọ́n ẹ̀, jáàsì sì wà nínú gbogbo nǹkan tó ń ṣe.

Mi ò fara mọ́ ìgbàlejò rárá. Ẹni tó gbàlejò, àga ló ń fún un, oúnjẹ ló ń gbé wá. Alámèyítọ́ ò gba àwo lálejò, ṣe ló ń tú u wò. Àwọn kan ti ní ká lo ìtẹ́wọ́gbà, ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ ó ti dájọ́ ká tó gbẹ́jọ́ torí ohun tó bá wù wá la máa ń tẹ́wọ́ gbà, àwo tí wọ́n bá wá bú ńkọ́, kí la fẹ́ pe tiẹ̀? A ṣáà ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé "ojú wo ni wọ́n fi wò ó", ó gba ìyìn ó gba èébú. Ojú tó dáa ni ọ̀pọ̀ fi wo àwo yìí, wọ́n yin Them Changes gan-an, orin tí ìlù ẹ̀ wá látinú orin Isley Brothers tí Kamasi Washington wá fọn saksofóònù sí i níparí, wọ́n sì sọ̀rọ̀ Herbie Hancock tó bá wọn tẹ dùùrù. Ọ̀rọ̀ ikú tó ti wà nínú àwo ẹ̀ Apocalypse ní 2013, lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ Austin Peralta kú, ó tún wà níbí. Ẹ̀sùn tó ń jẹ yọ ni pé ó tètè tán.

Ẹ̀sùn yẹn gan-an ni "àwo kékeré" ò lè gbé. Kékeré lè jẹ́ ti ọjọ́ orí, ó lè jẹ́ ti ipò tàbí iyì, láyé rẹ́kọ́ọ̀dù sì rèé, àwo kékeré ni èyí tí orin kan wà lójú kọ̀ọ̀kan, ó kéré lójú ni. Ṣé iye orin la fẹ́ fi wọ̀n ọ́n ni? Zombie Fela tó jáde ní 1976, orin méjì ló wà nínú ẹ̀, ó tó ìṣẹ́jú 25, ta ló jẹ́ pè é ní kékeré? Ẹ tún wo àwo jùjú ti Ebenezer Obey àti Sunny Adé, orin á máa wọnú orin títí ojú kan á fi tán, ẹ bá mi kà á, ṣé ọ̀kan ni àbí márùn-ún? Àsìkò ló yẹ ká wò, torí náà àwo kúkurú ni mo fara mọ́.

Ẹni tó dábàá "àwo ìtọ́wò" nídìí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ o, Them Changes padà wọ inú àwo ẹ̀ Drunk ní 2017. Àmọ́ ìtọ́wò ń sọ fún wa pé oúnjẹ gidi ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, orin márùn-ún tó kù ò sì bá a lọ, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n wà, iṣẹ́ tó dá dúró ni.

Èmi máa kọ ọ́ báyìí: "Ojú tí àwọn alámèyítọ́ fi wo àwo kúkurú Thundercat." Ní ti "gìtá agídìgbo" tí ẹnì kan fẹ́ ká fi rọ́pò béèsì, mo mọ̀ pé iṣẹ́ béèsì ni agídìgbo ń ṣe nínú àpàlà, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ló ń gbé. Àmọ́ irin ni wọ́n ń ta lórí àpótí agídìgbo, okùn ni ti gìtá, agídìgbo ṣì wà láàyè pẹ̀lú àwọn tó ń ta á. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún un, ká máa pe béèsì ní béèsì.