Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọ Ìjọ Àgùdà máa ta tẹ́tẹ́ lọ́tìrì?

Ìyá Eléèlùbọ́, Ọ̀yọ́: Mo kí gbogbo yín. Ọjà Akẹ̀sán ni mo ti ń ta èlùbọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, nígbà tí mo fẹ́ fọ bùbá ọkọ mi, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì mọ́kànlá ni mo bá nínú àpò rẹ̀, tí ó ká wọn wéwé bí ẹni di oògùn. N500 ni ó fi ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ a ṣì jẹ gbèsè owó ilé-ìwé àbíkẹ́yìn wa. Nígbà tí mo bi í, ó ní bí tẹ́tẹ́ bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí ló dé tí a fi ta ráfùlù níbi ìkórè ìjọ wa, tí èmi fúnra mi sì jẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń pọnmi? N kò rí èsì fún un. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni Ìjọ sọ gan-an?

Ìyá Ẹgbẹ́: Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àwọn ọmọ-ogun ló ṣẹ́ gègé lórí aṣọ Jésù nídìí àgbélébùú. Ẹ ya tíkẹ́ẹ̀tì náà dànù.

Bàbá Kátíkísìtì: Ẹ má bínú, ìyá wa, àwọn Àpọ́sítélì náà gbàdúrà, wọ́n sì ṣẹ́ gègé kí wọ́n tó fi Màtíà rọ́pò Júdásì, nítorí náà gègé fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀ràn. Katikísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Ìjọ wa, tí Póòpù John Paul Kejì fọwọ́ sí ní 1992 sọ ọ́ ní ìpínrọ̀ 2413, lábẹ́ òfin keje tí ó ka olè jíjà léèwọ̀, pé tẹ́tẹ́ àti eré oríire bíi káàdì kò lòdì sí òdodo fúnra wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tọ́ mọ́ nígbà tí wọ́n bá gba ohun tí ènìyàn fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ àti ti àwọn tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sì kìlọ̀ pé ìfẹ́ tẹ́tẹ́ lè sọ ènìyàn di ẹrú. Ẹni tó ra ráfùlù ìkórè tí kò jẹ kì í bínú, torí ó mọ̀ pé àpò ìjọ ni owó òun wọ̀. (Bí wọ́n ṣe ń fi gbohùngbohùn dójú ti ẹni tí kò ra ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Owó ilé-ìwé ọmọ ni ẹjọ́ ọkọ yín dá lé.

Olùkọ́ Ìṣirò: Níbi tí wọ́n ti ń yọ nọ́ńbà márùn-ún jáde nínú 90, bí ènìyàn bá mú nọ́ńbà méjì, oríṣi 4,005 ni méjì-méjì tí ó lè mú, mẹ́wàá péré ló sì máa jẹ. Ẹni tó bá ń ta ẹyọ kan lójúmọ́ lè lò ju ọdún kan lọ kí ó tó jẹ lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà méjì bẹ́ẹ̀ ni àwọn atatẹ́tẹ́ wá ń pè ní “two sure”, méjì tó dájú!

Ìyá Eléèlùbọ́: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Kátíkísìtì sí i létí lálẹ́ àná. Kò jiyàn, kò sì ṣèlérí. Ní òwúrọ̀ yìí ni mo bá N3,000 nínú kọ́ńgò tí mo fi ń wọn èlùbọ́, ó ní kí n fi kún owó ọmọ. Àpò bùbá rẹ̀ ni n kò tíì yẹ̀ wò.