Ẹ má pè é ní "ìfisórí aláìláwo"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ọ̀fà dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lánàá fún bí a ṣe ń gbé Windows tàbí Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sórí rẹ̀ láìlo síídì. "Ìfisórí aláìláwo" ni wọ́n pè é, ẹ sì ti ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́, inú ń bí mi.

"Ìfisórí" dára. "Àwo" náà dára fún síídì, àwo ni àwọn bàbá wa pe èyí tí wọ́n ń gbé sórí giramafóònù. "Ní" tó wà nínú "aláìláwo" ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ so "ní" mọ́ àwo, láwo ni. Ẹ so ó mọ́ awo, awo Ifá, láwo náà ni. Ohùn òkè ara "ní" ti gba ipò, ohùn ìsàlẹ̀ àwo ti pòórá nínú àkọsílẹ̀. Bí ọlọ́nà tó ni ọ̀nà àti ọlọ́nà tó ń gbẹ́ ọnà ṣe di ọ̀kan lójú ìwé nìyẹn. Aláwo tí gbogbo ayé sì mọ̀, babaláwo ni. Ohun tí ọ̀rọ̀ yín ń sọ fún mi ni pé wọn ò pe babaláwo síbi iṣẹ́ náà. Ẹ ní àmì ohùn yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmì wo? Àmì kan náà ni méjèèjì ń gbà!

Ní Tanke, n'Ílọrin, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, "bá mi fi fúláàṣì gbé Windows sí i" ni oníbàárà ń wí. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ síídì. Síídì ò gbà ju 700 MB lọ, fúláàṣì 8 GB ni Windows 11 sì ń bèèrè. Ubuntu tó ń fi síídì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ dáwọ́ dúró ní 2011. Kí ló dé tí a ó fi òkú àwo sọ ọmọ tuntun lórúkọ?

Wàláà, pákó tí ọmọ kéú fi ń kọ̀wé, ni mo fẹ́. Ẹni tó bá lọ ilé kéú mọ̀ ọ́n: a ó fi tàdáwà kọ ọ́, a ó kà á tán, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún kọ òmíràn. Fúláàṣì gẹ́lẹ́ nìyẹn. Rufus, ètò tí a fi ń pèsè fúláàṣì, á kọ́kọ́ nù ún mọ́ kó tó kọ Windows sí i. Bó bá di ọ̀la, á nù ún, á kọ Debian, ẹlẹgbẹ́ Ubuntu. "Ìfisórí oníwàláà." Kọ́ńsónáǹtì ló bẹ̀rẹ̀ wàláà, ohùn kankan ò ní sọnù. Èyí tó bá gba orí nẹ́tíwọọ̀kì wọlé, ká wá orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún ní Yorùbá Ìlọrin ti lú mọ́ Haúsá, pé a ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbi ìjíròrò yìí. Ìyẹn dùn mí gan-an. Ìyá mi àgbà mọ ìkòkò ní Dada, l'Ókèlélé, títí wọ́n fi kú. Wọn ò kàwé, ṣùgbọ́n bí mo bá pe ìkòkò bí ìkókó, wọn ò ní dá mi lóhùn títí n ó fi tún un pè. Etí wọn ni mo fi ń gbọ́ "aláìláwo" yìí.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kó dúró, Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ibi tí ohùn àwo wà nínú rẹ̀ hàn wá.