Àtẹ bọ́ọ̀lù àti àtẹ devoir (ìdánwò ilé-ìwé) kò mọ ara wọn: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ìyá Gólì (Kétu)

Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ṣeré ìdárayá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Gàrí àti elùbọ́ ni mò ń tà lọ́jà Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Ọmọbìnrin mi kejì, ọmọ ọdún 15, ló ń ṣọ́ gólì fún ikọ̀ obìnrin kọlẹ́ẹ̀jì rẹ̀. Ọdún yìí ló máa jókòó fún BEPC, ìdánwò ìparí ìpele kìíní kọlẹ́ẹ̀jì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ẹnu ará àdúgbò ló máa dà mí láàmú, pé ọmọbìnrin wo ló ń já ara rẹ̀ lulẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Wọ́n sọ ọ́ títí ó fi sú wọn. Àkókò ló wá dà mí láàmú.

Commune (ìjọba ìbílẹ̀) márùn-ún ló wà ní ẹkùn Plateau wa: Kétu, Pọ́bẹ̀, Sákété, Ìfàǹyìn àti Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Àwa la wà ní ìpẹ̀kun lókè. Ibi yòówù kí wọ́n fi ìdíje sí, ọ̀nà tiwa ló ń gùn jù. Pọ́bẹ̀ ṣì rọjú. Bí wọ́n bá ní aago mẹ́ta ọ̀sán ni bọ́ọ̀lù Pọ́bẹ̀, ẹ fi sọ́kàn pé aago mọ́kànlá lẹ máa kúrò nílé, torí ọkọ̀ gáréèjì kì í ṣípò àfi tó bá kún, tó bá sì kún tán, awakọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun kò tíì ra kpayo, epo ọkọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà. Aago mọ́kànlá yìí, olùkọ́ ṣì ń kọ nǹkan sójú pátákó.

Lọ́dún tó kọjá, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kóòṣì ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé Sákété ń dúró dè wọ́n ní Ọjọ́bọ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni devoir kejì PCT, ìyẹn físíìsì àti kẹ́místírì. Mo kọ ìwé pélébé kan, mo fi rán ọmọ sí surveillant, ẹni tó ń ṣọ́ wíwá àti ìwà àwọn ọmọ. Ó dá a padà: ìwé òbí kọ́ lòun ń wá, ìwé tó ní òǹtẹ̀ ni. Ìwé olóǹtẹ̀ ọ̀hún wà ní Pọ́bẹ̀, kò tíì gbéra. Ọmọ ń wojú mi. Mo ní kó máa lọ, a ó ṣàlàyé tó bá dé.

Sákété nà wọ́n ní 2 sí 0. Nínú devoir tí kò ṣe, òdo ni wọ́n fún un.

Ẹni tí kò bá ní ọmọ ní kọlẹ́ẹ̀jì lọ́dọ̀ wa lè má mọ ohun tí òdo kan ń fojú ọmọ rí. Wọ́n á mú máàkì gbogbo interro (ìdánwò kéékèèké inú kíláàsì), wọ́n á sọ ọ́ di ọ̀kan, wọ́n á fi devoir méjèèjì kún un, wọ́n á wá pín in sí mẹ́ta. Ọmọ mi ní 12 ní interro, 11 ní devoir kìíní, òdo ní èkejì. 23 tí a pín sí mẹ́ta, 7,66 nínú 20. Ọmọ tó ń ṣàlàyé PCT fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Kò sunkún nítorí góòlù méjì yẹn o. Ọjọ́ tí ìwé èsì jáde ló sunkún.

Mo gbéra, ó di ọ̀dọ̀ olùkọ́ PCT. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ilé, ìjà ni mo múra. Ọkùnrin náà fún mi lága, ó ní, “Ìyá, ká ní ẹ wá bá mi ṣáájú ọjọ́ náà ni, mi ò bá ti ṣe tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀. Mo ti fi máàkì ránṣẹ́ báyìí.” Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.

Látìgbà náà, bí wọ́n bá ti lẹ àtẹ devoir mọ́ ògiri, màá ní kí ọmọ fi fóònù mi ya á ní fọ́tò. Fọ́tò yẹn ni mo gbé lọ bá kóòṣì. Ẹ gbà mí o, kò rí i rí! Ọgbà kan náà ni wọ́n wà. Ilé kan péré ló la ọ́fíìsì censeur, ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀kọ́, àti ibi tí kóòṣì ń kó bọ́ọ̀lù sí láàárín, síbẹ̀ àtẹ bọ́ọ̀lù àti àtẹ devoir kò pàdé rí. Èmi alágàrí ni mo mú wọn mọ ara wọn.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá Asáré (Ṣábẹ̀)

Ìyá Gólì, ẹ kú iṣẹ́. Tèmi yàtọ̀, bóyá kò sì dáa tó.

Ọmọkùnrin mi ń sáré 1500 mítà. Terminale, kíláàsì àṣekẹ́yìn, ló wà nígbà náà. Wọ́n pè wọ́n sí Parakú, ìdíje ọjọ́ méjì, ó bọ́ sáàárín BAC blanc, ìyẹn ìdánwò ìmúrasílẹ̀ fún BAC tí wọ́n fi ń jáde ilé-ìwé girama. Mo ní kò lọ. Mo tiẹ̀ fi ọ̀nà ṣe àwáwí. Ẹ mọ ọ̀nà wa yẹn, òun ni gbogbo ọkọ̀ àjàgbé ń gbà láti Kútọnu lọ sí Malanville, awakọ̀ takisí sì ń bá wọn du ọ̀nà bíi pé ẹ̀bùn wà níwájú. (Ojú irin la ìlú wa kọjá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, rélùwéè là ń wọ̀ lọ sí Parakú. Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ irin yẹn lọmọ mi fi ṣe ibi ìsáré.) Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà kọ́. BAC ló ń já mi láyà.

Ọmọ ní, “Bàbá, mo ti gbọ́.” Kò jiyàn, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ṣe BAC blanc, ó gba 6 nínú 20 ní ìṣirò. Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé ìwé náà sórí tábìlì tí mo ti ń jẹun. Ọmọ yege BAC gidi lọ́dún yẹn o, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé èmi ni mo jàre. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n bá ń sáré ló lọ sí Parakú, ipò kejì ló mú bọ̀. Títí dòní, ọmọ mi kò tíì dákẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Àǹtí Alákàsà (Àjàṣẹ́)

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń gbà wọ́n lálejò sọ tèmi. Nítòsí pápá ìṣeré Stade Charles de Gaulle, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ni mo ti ń ta àkàsà. Àwọn ọmọ Kétu yín á rin ìrìn bíi 100 kìlómítà, wọn ò jẹun, ẹsẹ̀ wọn á ti kú sínú ọkọ̀, wọ́n á sì ní kí wọ́n wọ pápá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ Àjàṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbéra láàárọ̀ ọjọ́ eré. Ọmọ Kétu wo ni kò ní ẹbí níbí? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń wá sùn lọ́dọ̀ mi, á ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ lábẹ́ iná mi. Àkàsà ọ̀fẹ́ ni fún un. Ẹja nìkan ni yóò sanwó fún.

Kóòṣì Kan

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, mo fẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má bínú sí wa nítorí alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Kí àtẹ tó dé ọwọ́ wa, ó ti gba ọwọ́ bíi mẹ́ta kọjá. Wọ́n á ní Ọjọ́rú ni. Wọ́n á tún ní ẹlòmíràn ti gba pápá, ó di Ọjọ́bọ̀. Owó ọkọ̀ kò tíì jáde. Nígbà tó bá fi dájú, ọjọ́ méjì ló kù. Bí mo bá sì tètè sọ, tí ọjọ́ wá yí, èmi làwọn òbí ń pè ní onírọ́.

Ibi tó rọrùn díẹ̀ ni kíláàsì eléré tí ìjọba dá sílẹ̀ ní àwọn kọlẹ́ẹ̀jì kan, classe sportive. Àwọn eléré jọ wà ní kíláàsì kan ni, bí wọ́n bá lọ, gbogbo wọn ló lọ, olùkọ́ kò lè máa kọ́ àga. Ọmọ bíi ti Ìyá Gólì tó wà ní kíláàsì mìíràn, òun nìkan ni orúkọ rẹ̀ ń jáde pé kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn, Ìyá, mo ti jí i. Mo ya tèmi lánàá.

Ọ̀dọ́ Ìlárá

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ta ló ń san owó ọkọ̀? Kí ló sì dé tí Ìyá Gólì kò fi ní kọ́mọ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ná, kí BEPC kọjá?

Ìyá Gólì (Kétu)

Ọmọ mi, àwa òbí là ń san án. Nígbà tí ọkọ̀ ilé-ìwé kò wá, a gba takisí kan lọ-bọ̀ sí Pọ́bẹ̀, 15 000 sẹ́fà. Ọmọ méje ló wọ̀ ọ́, kóòṣì tún wà níwájú, nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún èèyàn márùn-ún. Kí ọlọ́pàá má gbọ́. A ní kí òbí méje dá 2 000 mẹ́jẹ̀ẹ̀je, èmi fi 1 000 tó kù kún un. Ẹnì kan kò tíì mú tirẹ̀ wá títí di báyìí. Ó mọ ara rẹ̀, ó sì ń ka èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń náwó ọkọ̀ nìkan, ẹ tiẹ̀ dúpẹ́. Bí eré bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà wa, àbúrò mi ló ń bá mi jókòó ti gàrí, òṣùwọ̀n rẹ̀ sì fẹ́ràn oníbàárà ju èmi lọ.

Ìbéèrè kejì. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Mo gbé bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kó kàwé. Oorun ló ń sùn. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó mọ̀ pé wákàtí kan ló kù fún òun lálẹ́, á lò ó. Nígbà tí kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, gbogbo alẹ́ jẹ́ tirẹ̀, kò sì lo ìkankan. Mo dá bàtà padà.

Ìyá Gólì (Kétu), ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo ní ìròyìn díẹ̀. Ìfàǹyìn ni wọ́n ń lọ lọ́la, ẹ ò rí i bó ṣe jìn sí wa. Devoir SVT (ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀) sì bọ́ sí àárọ̀ ọ̀la. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ fúnra rẹ̀ ló lọ bá olùkọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, n kò tẹ̀ lé e. Olùkọ́ ní kó wá ṣe tirẹ̀ lónìí, ní àkókò tí àwọn yòókù bá lọ jẹun lọ́sàn-án, ìbéèrè mìíràn lòun máa fún un.

Abẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé ni mo wà tí mo ti ń tẹ èyí. Mò ń rí i láti ojú fèrèsé, òun nìkan ní kíláàsì tó gba ọmọ 60. Olùkọ́ jókòó níwájú, ó ń jẹ àtásì, ìrẹsì tí a sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Èmi ni mo ra àtásì náà, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní rìbá o, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ la gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ gólì wà lórí itan mi, àtàǹpàkò tọwọ́ òsì ló ya. Mo ti rán an dé ìdajì.